Wọ́n Ti Fún Ẹlòmíràn Ní Ààyè Yín

Kí ẹ tó lè mọ bí ìtìjú yìí ṣe wọlé, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí Senka ń ṣe fún yín.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni, nílùú Niš. Àmọ́ kì í ṣe àwọn tó ń ya nǹkan rèǹtèrente sójú fóònù o. Ẹ̀yìn lòun wà. Ṣé ẹ mọ ilé oúnjẹ: àwọn kan á wọ aṣọ funfun, wọ́n á máa gbé abọ́ kiri, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín sí yín, àwọn kan wà nídìí iná lẹ́yìn lọ́hùn-ún, òógùn bò wọ́n, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ wọn. Ìdí iná ni Senka wà. Tẹ́ ẹ bá tẹ nǹkan lórí fóònù, tí nǹkan dá yín lóhùn, irú Senka ló wà lẹ́yìn tó ń dáhùn.

Iṣẹ́ tó ṣe lásìkò tí mò ń wí yìí, ti ilé ìwòsàn eyín kan ni. Ṣé ẹ mọ àwa èèyàn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ eyín. Téèyàn bá ti gba ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà tán, tó bá wá rántí irin yẹn, kò ní lọ mọ́, dókítà á jókòó, á máa wo ilẹ̀kùn. Ni wọ́n bá ní kí Senka ṣe ẹ̀rọ tí á máa kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sáwọn èèyàn. Tó bá ku ọ̀la, á kọ ọ́ pé, ẹ ní ààyè lọ́dọ̀ dókítà lọ́la, ẹ dáhùn bẹ́ẹ̀ni. Tẹ́ ẹ ò bá dáhùn, tí ilẹ̀ bá mọ́, á tún kọ ọ́ pé, a ò gbọ́ èsì yín, a ti fún ẹlòmíràn ní ààyè yín. Tó bá dìrọ̀lẹ́, á wá béèrè pé báwo ni dókítà ṣe ṣe sí yín, ẹ fún un ní máàkì. Ẹ̀rọ yìí ò mọ ẹni tó wá yàtọ̀ sí ẹni tí ò wá, gbogbo wọn ló ń bi. Senka ní òun á tún ìyẹn ṣe tó bá yá.

Orí kọ̀ǹpútà ara wọn ni wọ́n ti máa ń dán irú nǹkan báyìí wò ná. Tó bá ti dáa, wọ́n á wá gbé e lọ sórí kíláòdù, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ ńláńlá kan tí wọ́n ń háyà ààyè lórí ẹ̀ níbi tó jìn, ẹ̀rọ tí kì í sùn, tí kì í jẹun. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò sì gbọ́dọ̀ rí orúkọ àti nọ́ńbà tó máa fi dán an wò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ máa ń hun orúkọ èké jọ. Ọ̀lẹ mú Senka. Nígbà tó ra fóònù tuntun fún bàbá ẹ̀, orí kọ̀ǹpútà yìí ló gbé gbogbo nọ́ńbà bàbá gbà, wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Ló bá kó gbogbo wọn dà sínú ẹ̀rọ. Nọ́ńbà tiẹ̀ nìkan ló yọ. Níbi tó yẹ kó kọ orúkọ dókítà sí, ó kọ Svetozar, bàbá ẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ àdéhùn ńkọ́? Ọjọ́ tó wà lọ́kàn ẹ̀ ló fi sí i, ọjọ́ slava ilé wọn.

Ognjen tó ń jókòó tì í níbi iṣẹ́ yọjú wò ó, ẹ̀rín pa á.

"Dókítà Svetozar. Kí ni bàbá fi ń yọ eyín, ẹ̀mú?"

"Okùn ni. Á so ó mọ́ ilẹ̀kùn, á ní kó o dúró de atẹ́gùn."

"Ó dáa, atẹ́gùn abúlé yín ò kéré."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ó tán. Ẹ bá mi fi ẹ̀rín yẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan ná.

Torí slava kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ṣeré. Gbogbo ilé ló ní ẹni mímọ́ tiẹ̀, ọmọkùnrin ló ń jogún ẹ̀ lọ́wọ́ bàbá. Ti ilé Svetozar ni Đurđic, nínú oṣù kọkànlá, nígbà tí òtútù bá ti ń bu èèyàn jẹ létí. Wọ́n á tan àbẹ́là kan ńlá láàárọ̀, á máa jó títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ ò ní gbọ́ láé pé wọ́n pe èèyàn sí slava. Ẹni tó ti ń wá, ó mọ̀ pé òun ń bọ̀. Tẹ́ ẹ bá pè é pẹ́nrẹ́n, ẹ ti bú u, ẹ ní ó lè gbàgbé yín. Ẹni tó bá sì ti wọlé, wọn kì í lé e, ọ̀tá ni o, àlejò ni o. Onílé fúnra ẹ̀ kì í jókòó lọ́jọ́ yẹn. Orí ìdúró ló máa wà láàárọ̀ ṣúlẹ̀, á máa bu ọtí, á máa gbé àwo, torí ẹni mímọ́ ló ń gbà lálejò, kì í ṣe èèyàn lásán. Ilé tí wọ́n bá ti ń sọ pé àbẹ́là ẹ̀ kú, ilé yẹn ti parẹ́ nìyẹn.

Svetozar ò bí ọkùnrin. Senka nìkan ló bí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù abúlé pé lọ́jọ́ tí Svetozar bá kú, àbẹ́là á bá a lọ. Ó ń gbọ́. Kì í fèsì. Kó ṣáà ti tan tọdún yìí, kí ilé kún, ìyẹn lèsì tiẹ̀.

Ó wá ku ọjọ́ méjì sí Đurđic, Senka fẹ́ gbé iṣẹ́ dókítà eyín sókè. Nǹkan méjì ló yẹ kó yí padà. Àkọ́kọ́, kó ṣí ẹ̀rọ náà lẹ́nu, torí nígbà tí wọ́n ń dán an wò, ẹnu ẹ̀ wà ní dídì, ojú kọ̀ǹpútà lásán ló ń sọ̀rọ̀ sí. Ìkejì, kó já a kúrò lára àwọn nọ́ńbà bàbá ẹ̀, kó so ó mọ́ àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ dókítà. Ó ṣí ẹnu ẹ̀. Bó ṣe ń lọ sí ìkejì, ìyá ẹ̀ pè.

"Senka, má gbàgbé wọ́núọ̀tì o. Ti ibí ti bu. Àlìkámà ti wà lómi."

"Mo ti gbọ́, Màámi."

"Má ra lọ́wọ́ ọkùnrin tó wà níwájú ọjà, ti èṣí ló ń tà."

"Màámi, mo ti gbọ́."

Ó wo aago, bọ́ọ̀sì Svrljig tó máa gbé e lọ sábúlé ti fẹ́ lọ. Ó tẹ bọ́tìnì tó ń gbé e sókè, iṣẹ́ gòkè lọ sórí kíláòdù, gbogbo nǹkan tutù nini lójú kọ̀ǹpútà. Ognjen ní, "Ṣé o ti yẹ̀ ẹ́ wò?" Ó ní òun ti yẹ̀ ẹ́ wò. Kò yẹ nǹkan kan wò. Báàgì ti wà léjìká ẹ̀.

Bó ṣe dé abúlé, iṣẹ́ ló kí i káàbọ̀. Wọ́n fi ewé kábéèjì kíkan wé ẹran lílọ̀ títí ọwọ́ fi bó. Wọ́n gún wọ́núọ̀tì mọ́ àlìkámà. Bàbá tọ́jú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sínú ààrò fúnra ẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Senka ò tiẹ̀ mọ ibi tí fóònù òun wà.

Nígbà tí ọjọ́ pé, bàbá gbé búrẹ́dì slava lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀, àlùfáà gé e, ó da wáìnì sí i, bàbá gbé e bọ̀ wálé. Ó tan àbẹ́là. Ó wọ kóòtù tó fi ṣègbéyàwó, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ kan lórí ọwọ́ kejì. Ọ̀sán ni wọ́n máa ń dé. Kum Budimir ló máa ń ṣíwájú gbogbo wọn. Kum ni wọ́n ń pe ẹni tó bá gbé ọmọ yín dání lójú omi ìrìbọmi, ó ju ọmọ ìyá lọ. Budimir ló gbé Senka. Á dé kí wọ́n tó gbé oúnjẹ wá, á tọ́ ọtí onílé wò, á ní ó ti bà jẹ́, á tún ní kí wọ́n fi kún un.

Ọ̀sán pọ́n. Budimir ò dé.

"Ó lè jẹ́ pé yìnyín wà lójú ọ̀nà," bàbá wí.

Kò sí yìnyín. Oòrùn ló ń ràn.

Desanka, ìyá Senka, gbé ọbẹ̀ kaná, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó tún gbé e kaná. Àga tò yí tábìlì ká, àwo ń wo òkè. Bàbá ṣì dúró. Ó ti ń gbé ẹsẹ̀ kan sinmi lórí èkejì, ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún lórúnkún. Kò jókòó.

Ìgbà tó yá ni Desanka pe Senka sí kíṣìnì, ìyẹ̀fun bo ọwọ́ ẹ̀.

"Bá mi wo fóònù yìí. Ó ti ń dún nínú dúrọ́ọ̀ láti àná. Àwọn tó ń ta bẹ́ẹ̀dì ni yóò jẹ́."

Senka mú un. Ó kà á. *Desanka, ẹ ní ààyè lọ́dọ̀ Svetozar lọ́la, lọ́sàn-án. Ẹ dáhùn bẹ́ẹ̀ni.* Èyí tó tẹ̀ lé e, ti àárọ̀ ọjọ́ yẹn. *Desanka, a ò gbọ́ èsì yín. A ti fún ẹlòmíràn ní ààyè yín. Ẹ ṣé. Svetozar.*

Ó rántí nǹkan ìkejì tó yẹ kó yí padà, tí kò yí. Ó wo ilẹ̀, ilẹ̀ ò lanu. Ìyá ẹ̀ tó ń po ìyẹ̀fun nínú ilé ara ẹ̀, wọ́n ti fún ẹlòmíràn ní ààyè ẹ̀.

"Kí ni wọ́n ń tà?"

"Wọn ò ta nǹkan kan, Màámi."

"Pa á, jàre. Kó yé dún."

Ẹ̀yìn ilé ni Senka sá lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ìdáná, ó pe Ognjen. Ó ṣàlàyé. Ognjen kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn kan náà. Ó wá rántí ilé tiẹ̀. Ọmọ Leskovac lòun, ibẹ̀ náà ń ṣe slava, ó ní bàbá.

"Senka. Gbogbo wọn?"

"Gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù."

"Tó bá jẹ́ bàbá tèmi, ó ti ta ilé, ó ti kó lọ. Dúró." Ó gbọ́ tí Ognjen ń tẹ nǹkan. "Mo ti pa á. Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Mo fọwọ́ ara mi pa á ni."

Àmọ́ ohun tó ti sọ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tó ti dénú fóònù èèyàn, ta ló fẹ́ lọ yọ ọ́? Senka dúró síbẹ̀, ó ń ro bó ṣe máa wọlé lọ bá bàbá ẹ̀. Á ní kí ni? Pé, Bàámi, èmi ni mo lé wọn?  Ó ní, bóyá òun á lè tún un ṣe kí bàbá tó mọ̀. Ìtìjú kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́n, ibi tá a ti máa fara pamọ́ sí ló ń jẹ́ ká máa wá.

Ibẹ̀ ló wà nígbà tó gbọ́ géètì. Ayọ̀ gbé e. Ó sáré jáde.

Radivoje ni. Aládùúgbò wọn. Ọkùnrin tí òun àti bàbá ò jọ sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti jà lórí igi wọ́núọ̀tì tó wà láàárín ilẹ̀ wọn, tí bàbá ní kí Senka yọ nọ́ńbà ẹ̀ dànù níṣojú òun, kóun rí i pé ó lọ. Radivoje wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó fi omi pa irun, ìgò kan wà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Slava ire o, onílé," ló wí.

Bàbá wò ó títí. Ọjọ́ slava lọjọ́ náà. Ó ní, "A dúpẹ́. Wọlé."

Radivoje wọlé, ó jókòó sórí àga tó wà lápá ọ̀tún, àga Budimir, kò mọ̀. Ó bu àlìkámà tí àlejò ń kọ́kọ́ tọ́ wò, ó ṣe àmì àgbélébùú, ó jẹ ẹ́. Bàbá bu ọtí fún un. Nínú yàrá tí àga òfìfo kún, àwọn méjèèjì ni, ọ̀kan jókòó, ọ̀kan dúró.

"Wọ́n ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù pé o lé gbogbo èèyàn lọ́dún yìí," Radivoje wí. "Mo ní kí n wá wò ó bóyá wàá lé èmi náà. Tèmi á rọrùn fún ẹ, ó ti mọ́ ẹ lára."

"Ta ni mo lé?"

"Èmi kọ́ ni wàá bi."

"Mi ò lé ẹnì kankan," bàbá wí, ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀. "Mo ti dúró síbí láti àárọ̀."

Senka ń gbọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn kíṣìnì. Mo ti dúró síbí láti àárọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ ọ́ lára ju pàṣán lọ. Ó mú kóòtù ẹ̀, ó gba ẹ̀yìn jáde.

Budimir wà nínú ọgbà ẹ̀, ó ń la igi. Aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀, lọ́jọ́ Đurđic. Ṣùgbọ́n bàtà ẹsẹ̀ ẹ̀, bàtà dúdú tó ń dán ni, ó ti múra tán láàárọ̀ kó tó bọ́ ọ. Ó rí Senka, kò sọ àáké sílẹ̀.

"Ẹ káàsán o, Kum."

"Sọ fún mi," Budimir wí, "ta lẹ fún?"

"Ẹ má bínú..."

"Ààyè mi ni mò ń bi ẹ́. Ta lẹ fún? Mo fẹ́ mọ ọ̀yájú náà. Ṣé ó mọ ọtí bàbá ẹ ju èmi lọ?"

"Kò sẹ́nì kankan, Kum. Ẹ̀rọ ni."

"Ẹ̀rọ ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀?" Ó la igi kan. "Mo tiẹ̀ dá a lóhùn lánàá. Mo kọ ọ́ pé, Svetozar, ṣé ara ẹ yá? Ilẹ̀ mọ́, ó kọ̀wé sí mi pé òun ò gbọ́ èsì mi."

"Bẹ́ẹ̀ni nìkan ló gbọ́, Kum. Tẹ́ ẹ bá sọ nǹkan míì, kì í yé e."

"Ó jọ ìyàwó mi."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ mi?" ohùn kan wí láti inú ilé.

Ọjọ́ míì, Senka á ti rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò pe bàbá?"

"Kí n pè é kí n ní kí ni? Kí n máa tọrọ àga?" Ó wá gbé àáké kalẹ̀, ó jókòó. "Ogójì ọdún lé. Mo lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ibà. Mo lọ síbẹ̀ lọ́dún tí yìnyín bo ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ wo ló lé mi?"

 Senka lè di gbogbo ẹ̀ lé ẹ̀rọ lórí, ẹ̀rọ ò ní ẹnu tó máa fi jiyàn, Ognjen ti pa á. Ó wo bàtà dúdú yẹn.

"Ẹ̀rọ kọ́, Kum. Èmi ni. Èmi ni mo ṣe é, èmi ni mo kó orúkọ yín sínú ẹ̀. Mo fi bàbá ṣe dókítà eyín, mo fi yín ṣe àwọn tó fẹ́ yọ eyín. Mo fi ṣeré níbi iṣẹ́. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Bàbá ò mọ nǹkan kan nínú ẹ̀."

 Senka fẹ́ sọ pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀. Kò lè sọ ọ́. Wọn kì í pe èèyàn sí slava. Tó bá pè é, ó ti bú u lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Ó wá ọ̀rọ̀ títí, èyí tó rí kò tó nǹkan.

"Àbẹ́là ṣì ń jó," ó wí. "Bàbá ṣì wà lórí ìdúró."

"Láti àárọ̀?"

"Láti àárọ̀."

Budimir nu ojú. Ó ní, "Orúnkún ẹ̀ ńkọ́?"

"Kum, ẹ dákun, ẹ má sọ fún un pé èmi ni."

"Ohun méjì lo wá tọrọ," Budimir wí, ó dìde. "Mi ò ṣèlérí ìkejì. Yà ní ṣọ́ọ̀bù bó o bá ń lọ, sọ ohun tó o sọ fún mi yìí fún wọn."

Ẹ wo ohun tí ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nígboro wá ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ó dúró sáàárín ṣọ́ọ̀bù, láàárín àwọn tó ti ń sọ ọ́ pé àbẹ́là bàbá ẹ̀ á kú, ó sọ ọ́ látòkè délẹ̀. Ẹnì kan ní, "Wàá yọ tèmi náà, Dókítà?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó gbà á. Àǹtí Zagorka, ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀, wà níbẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ilé tí wọ́n bí mi sí. Ẹ ní kí n má wá sí ilé tí wọ́n bí mi sí." 

Wọ́n wá. Kì í ṣe gbogbo wọn o, mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹlòmíì ti bínú jù. Àmọ́ wọ́n wá, wọ́n ń kí onílé lẹ́nu ọ̀nà, ojú bàbá ń là díẹ̀díẹ̀ bí ilẹ̀ tó ń mọ́. Budimir ló gbẹ̀yìn, òun tó máa ń ṣíwájú. Ó wọlé, ó wo apá ọ̀tún, ó rí Radivoje lórí àga ẹ̀, tí Radivoje ń jẹ ẹran.

"Háà," Budimir wí. "Òótọ́ ni wọ́n sọ."

Ilé dà wó fún ẹ̀rín. Radivoje ò mọ ohun tó ṣe, ó ń wojú wọn, òróró ẹran lẹ́nu ẹ̀. Bàbá náà ò mọ̀, ó kàn ń rẹ́rìn-ín torí wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Kí ló jẹ́ òótọ́?"

"Pé ẹran ẹ rọ̀ lọ́dún yìí," Budimir wí. "Sún, Radivoje."

Senka mí kanlẹ̀. Ó ń gbé àwo, ó ń gbé àwo, ó ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Ó rò pé ó ti tán.

Ilẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀ nígbà tí fóònù kan dún nínú àpò. Òmíràn dún. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn, yí tábìlì ká, bí àkùkọ tó gbọ́ ti ara wọn. Ẹ̀rọ ti kú lóòótọ́, Ognjen ò purọ́. Àmọ́ kó tó kú, ó ti kó ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ fún àwọn tó ń bá a gbé àtẹ̀jíṣẹ́ kiri, wọ́n kàn ń dúró de àsìkò ni.

Àǹtí Zagorka fi gíláàsì sójú, ó kà á sókè, torí kò mọ bí wọ́n ṣe ń kàwé sínú. "Ẹ ṣé tẹ́ ẹ wá sọ́dọ̀ Svetozar. Ṣé ó dùn yín? Ẹ fún un ní máàkì, láti oókan dé márùn-ún."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wo Senka. Bàbá rí i pé Senka ni wọ́n ń wò.

"Fóònù yẹn," ó wí, ó na ọwọ́ sí Zagorka.

Ó gbé e jìnnà sójú, ó ka ti ìrọ̀lẹ́, ó fi àtàǹpàkò fà á, ó ka ti àárọ̀, ó ka ti àná. Ó pẹ́ lórí orúkọ tó wà nísàlẹ̀, orúkọ ara ẹ̀.

"Ta ló kọ èyí?"

Budimir ń wo inú ife ẹ̀. Senka gbé àwo tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ kalẹ̀, kó má bàa já.

"Èmi ni, Bàámi."

"Nítorí kí ni?"

 Senka ní, "Mò ń fi dán iṣẹ́ wò. Mo gbàgbé láti yọ ọ́."

"O gbàgbé," bàbá wí.

Kò pariwo. Ó dá fóònù padà fún Zagorka. Ó wo yí tábìlì ká, ó fa àga kan tó ṣófo.

"Jókòó."

"Bàámi, àwo ṣì..."

"Jókòó, Senka. Àlejò kì í dúró."

Ẹ gbọ́, wọn kì í sọ bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ilé lọ́jọ́ slava. Ọmọ ilé ń dúró ni, bí onílé. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ ohun tí bàbá ṣe sí i. Desanka yíjú sí ògiri. Senka jókòó. Bàbá gbé ife sí iwájú ẹ̀, ó bu ọtí fún un pẹ̀lú ọwọ́ ara ẹ̀, ó bu àlìkámà fún un, ó ní, "Káàbọ̀ o," bó ṣe wí fún àwọn yòókù. Senka mu ún. Ì bá sàn kó gbá a létí.

Radivoje na ife ẹ̀ síwájú. "Wọn ò kọ̀wé sí èmi o. Báwo ni màá ṣe fún un ní máàkì?"

"Torí o ò sí nínú fóònù ẹ̀," Budimir wí. "Òun ló jẹ́ kó o rí àga mi jókòó."

"Ó dáa. Oókan. Ọtí ò tó."

Bàbá fi kún ọtí ẹ̀. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ òjò, ọ̀rọ̀ igi wọ́núọ̀tì, ohùn ń pọ̀ sí i. Ọ̀kan ń sọ pé òun fún un ní mẹ́rin, torí ó lé òun, ó tún bọ́ òun. Senka jókòó sáàárín wọn bí ẹni tí wọ́n lù lóǹtẹ̀. Ìyá ẹ̀ nìkan ló ń gbé àwo, ó ń rí ẹsẹ̀ ìyá ẹ̀ bó ṣe ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀, kò gbọ́dọ̀ dìde.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó ku àbẹ́là. Onílé ló ń pa á, kì í fẹ́nu fẹ́ ẹ. Wáìnì pupa díẹ̀ ló ń kán sí i. Láti kékeré, Senka ló ń di ife wáìnì yẹn mú fún un. Bàbá dìde dúró níwájú àbẹ́là, ẹ̀yìn ẹ̀ ni Senka ń wò láti orí àga àlejò. Ó rí i tó nawọ́ sí ìgò wáìnì fúnra ẹ̀. Ó fojú sílẹ̀. Ó ní, ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́ bàbá kan ìgò, ó dúró. Kò yíjú.

"Ta ló máa di ife mú?"

Desanka wà nílé ìdáná, omi ń ṣàn, kò gbọ́. Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá yẹn.

Senka dìde. Ó di ife mú. Ó yára sún un sábẹ́ ìgò débi pé wáìnì dà sórí aṣọ tábìlì funfun, ó tàn ká. Bàbá rí i. Ó ki ìka bọ inú èyí tó kù nínú ife, ó kán an sórí iná.